Dókítà Orí Fóònù ní Akébé

Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Kò sí àrùn ọmọdé tí Ìyá Zulkifli, oníṣòwò abọ́ ní àdúgbò Akébé, kì í wò sàn lórí fóònù. Kò ka ìwé ìṣègùn, kò sì fi ojú kan ọmọ tó ń wò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí WhatsApp àwọn ìyá ọlọ́mọ Yorùbá ní ìlú Libreville. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń rí nídìí gbogbo àìsàn: eyín. Ibà ni, eyín ni. Ìgbẹ́ gbuuru ni, eyín ni. Bí ọkọ̀ bá gbá ọmọ náà, bóyá eyín náà ni yóò jẹ́.

Ummusalamah sì gbà á gbọ́, ìyẹn ló ń dun ni jù. Libreville ni wọ́n bí i sí, ó ń ta ìborí lọ́jà, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá ti gbọ́ àgbàlagbà tó ń sọ Yorùbá ìjìnlẹ̀, ọgbọ́n ló máa ń rò pé ó gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Anwar ọmọ rẹ̀ ń ya ìgbẹ́ bí omi, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò Plaine Orety fún un ní ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, ó ní kó pò ó mọ́ omi mímọ́, kó máa fi ṣíbí fún ọmọ náà léraléra. Kò tíì délé tó fi béèrè lọ́wọ́ dókítà orí fóònù. Ohùn Ìyá Zulkifli dé wẹ́rẹ́.

"Ìyá Anwar, omi ń jáde nídìí ọmọ, o tún fẹ́ da omi sí i lẹ́nu? Ṣé wọ́n fẹ́ pa á ni? Má fún un lómi rárá! Eyín ni."

Àwọn ìyá yòókù fi àtẹ́wọ́ sí i. Ummusalamah ti ìyẹ̀fun náà bọ àpò. Ọmọ ń nawọ́ sí ife omi, ìyá ń gbé ife sẹ́yìn. Ẹ wo ìkà tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n!

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ dá lóòótọ́, nítorí kò sí omi mọ́ lára ọmọ. Àwújẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, ó ń sunkún láìsí omijé. Ummusalamah pe Ìyá Zulkifli títí, kò gbé e. Ẹ̀rù wá bà á pé ọmọ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó pọ̀n ọ́n, ó wọ takisí, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Ó ń fi ṣíbí rọ omi ìyẹ̀fun náà sí Anwar lẹ́nu títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì.

"Ó máa yè," ni nọ́ọ̀sì wí ní Faransé. "Ká ní ẹ pẹ́ jù báyìí lọ, ẹjọ́ mìíràn là bá máa rò."

Ummusalamah mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè. Ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀? Ìyá Zulkifli, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí itan, ife irú omi kan náà lọ́wọ́, ó ń fi ṣíbí fún un.

"Ìyá Zulkifli, ṣé kì í ṣe eyín ni?"

"Ìyá Anwar, rọra. Tèmi yìí yàtọ̀. Jọ̀ọ́, má gbé e dé WhatsApp."

Ummusalamah yọ fóònù, ó wá ohùn àárọ̀ kàn, ó gbé e sókè dé góńgó, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá Yorùbá tó tò sílẹ̀ de nọ́ọ̀sì yíjú padà.

"Má fún un lómi rárá!" ni ohùn Ìyá Zulkifli ń pariwo. Ṣíbí dúró lófuurufú lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ya ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró de omi.