Koríko Tó Tò Lẹ́sẹẹsẹ

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Ṣakí, bí ẹ bá sì bi mí ní ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dájú láyé yìí, n ó ní koríko ni. Lọ́dọọdún ni mo máa ń dúró níwájú kíláàsì, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké, àní ọparun pàápàá, ìdílé koríko ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn ọmọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ koríko dáadáa, nítorí òun la fi ń fìyà jẹ wọ́n: ẹni tó bá pẹ́ dé, kó lọ mú àdá. Ta ni yóò wá gbà pé ẹbí ohun tí òun gé lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀ ni òun ń lọ jẹ lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹran?

Koríko kò rí ojú rere rí lẹ́nu wa. Nínú òwe, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni kí erin méjì wá jà lé e lórí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí òkú bá ti wà nílẹ̀, pásítọ̀ á ní bíi koríko lọmọ ènìyàn rí, a óò ṣe àmín, a óò sì gba ibẹ̀ lọ jẹ ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀, òun ló bo àwọn bàbá ńlá wa lórí kí páànù tó dé. Ọba gan-an, abẹ́ koríko bẹẹrẹ ló ń sùn, kò sì sẹ́ni tó kí bẹẹrẹ kú iṣẹ́.

Bàbá mi kò ní àyè fún irú àlàyé yìí. Àgbẹ̀ ni, abà kan lọ́nà Ìlerò ló ń gbé, láti ìgbà tí ìyá mi sì ti kú ló ti ń dá gbé níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, oríṣi ewéko méjì ló wà láyé: èyí tí òun gbìn, àti ọ̀tá.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú nínú oko. Àárọ̀ ló ṣubú, ọ̀sán ti pọ́n kí darandaran kan tó kọsẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn ará abà ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí i, nítorí koríko èèsún ti bò ó. Mo jókòó tì í ní ọsibítù, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ṣakí.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọjọ́ tí koríko bá borí mi, n ó bá ọ lọ. Kò tíì borí mi."

"Bàbá, àárín rẹ̀ mà ni wọ́n ti gbé yín!"

"Mo sùn díẹ̀ ni."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbàdúrà fún koríko. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí àwọn obìnrin yòókù nínú ẹgbẹ́ akọrin ń bẹ Ọlọ́run fún ilé àti ọmọ, èmi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún koríko ẹ̀kan ní gbòǹgbò sí i. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí abà. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí Bàbá tán, ojú mi á ti wà lóko. Koríko ń ṣe dáadáa. Ó ti dé orúnkún níbòmíràn, Bàbá á sì ro ebè méjì, á jókòó sinmi. Mo ní bó bá tún fi oṣù kan sí i, yóò borí Bàbá.

Mo gbàgbé pé bàbá mi gbọ́n jù mí lọ. Ó gun orí òkúta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kò sì pe èmi, ọkọ mi ló pè. Ó ní ọdún mẹ́rìnlá rèé tó ti fẹ́ ọmọ òun, kò tíì ṣe ọ̀wẹ̀ kan ṣoṣo rí, ṣé orí igi ló ti ká ọmọ ọlọ́mọ ni?

Nílẹ̀ wa, bí bàbá ìyàwó rẹ bá pè ọ́ lọ́wẹ̀, wàá kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ, ẹ óò lọ bá a ro oko ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ á sì se oúnjẹ fún yín. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ọkọ mi, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí sábẹ́ fáànù. Ìgbà tó di ọkọ́ mú kẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méje kò sàn jù ú lọ: nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ ìṣirò kan, ìyókù jẹ́ akọ̀wé bíi tirẹ̀. Wọ́n wọ bàtà kánfáàsì funfun. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́ ọsibítù.

Bàbá pín ọkọ́ fún wọn, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n máa ro. Ó ní àna kì í ṣe ẹrú, òun kò ní dúró lé wọn lórí. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi emi, ó ń kọrin. Èmi ń se ọbẹ̀, inú ń bí mi. Àdúrà mi ni ọkọ mi fẹ́ ro dànù yìí.

Nígbà tí mo gbé omi dé ọ̀dọ̀ wọn, mo gbọ́ tí olùkọ́ ìṣirò ń sọ pé, "Ẹ wo bí koríko ibí yìí ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ! Àfi bíi pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n."

Ọkọ mi ní, "Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò."

Mo wo ilẹ̀. Ọkà bàbà ni. Wọ́n mọ àgbàdo, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni wọn kò mọ̀ yàtọ̀ sí koríko tó yí i ká. Èmi mọ̀ ọ́n. Bí o bá hú ẹyọ kan, wàá rí hóró pupa tó ti inú rẹ̀ hù jáde, tó ṣì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Ọdọọdún ni mo ń yà á sára bọ́ọ̀dù. Mo la ẹnu. Mo rántí ọsibítù. Mo pa ẹnu mi dé, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wá mu omi."

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbà tó mọ̀ ọ́n tó sì dákẹ́, wọn kò tíì pòwe tirẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo gún iyán ọjọ́ náà bí ìyàwó tuntun.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Bàbá rìn dé òpin oko, ó káwọ́ sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí àgbàdo, ilẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí ajá lá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan tó ti rọ, ó wo ìdí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ dúró, ọwọ́ gbogbo wọn ti bó, wọ́n ń retí ìyìn.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi," Bàbá ní. "Iṣẹ́ yín mọ́." Ó ṣàdúrà fún wọn, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Koríko kò borí mi o. Akọ̀wé ló borí mi. Ìyá Ìbejì, bá mi di ẹrù."

Mo ní, "Ẹ tún un gbìn kẹ̀, Bàbá." Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́.

"Kí ni n ó gbìn? Irúgbìn ìyá rẹ ni wọ́n hú dànù yẹn. Òun ló so ó kọ́ sókè ààrò kó tó lọ. Ó ku ẹ̀kúnwọ́ kan."

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti pariwo. N kò lè búra.

Bàbá ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, nọ́ọ̀sì oníbọ̀wọ́ ló ń wá wò ó. Sìmẹ́ńtì la fi bo gbogbo àgbàlá wa, àfi ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, níbi tí omi ìfọṣọ ń gbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo mú ọkọ́ lọ síbẹ̀ láti ro ó. Nǹkan tútù kan ti hù níbẹ̀, ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Mo dúró. Bàbá jókòó lórí àga lẹ́yìn mi.

"Ṣé o ò ní ro ó ni?"

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́, Bàbá. Ó lè jẹ́ koríko."

"O mọ̀ ọ́n." Kò gbé ohùn sókè. "Lọ́jọ́ yẹn náà, o mọ̀ ọ́n. Mo ń wò ọ́ láti abẹ́ igi. O dúró bí o ṣe dúró yìí gan-an."

Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí, n kò lè yíjú sí i. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Bomi rin ín ná," ó ní.