Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Kọ́kọ́ Mọ̀

Ọdún kẹta tí mo délé ọkọ l'Ẹ́dẹ, mi ò tíì gbọ́mọ pọ̀n. Nígbà tí nǹkan oṣù mi wá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àyà mi ń já, inú mi sì ń dùn pọ̀ mọ́ ọn. Mi ò lè dúró kí ikùn yọ. Ìyá ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, ọkùnrin tó ń ṣàyẹ̀wò níbẹ̀ sì ní ọ̀pọ̀lọ́, tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò nígbà yẹn, ni yóò dá wa lóhùn. Òun á fi abẹ́rẹ́ gún ìtọ̀ mi sí i lábẹ́ awọ. Bí mo bá lóyún, àtọ̀ á bá ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ náà jáde. Ọ̀pọ̀lọ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní akọ ni ká mú wá.

Ẹ wá wo ìyá ọkọ mi, odindi ìyá ìjọ, lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ní ìdájí, ìró ní orúnkún, tó ń lé ọ̀pọ̀lọ́! Èyí tó sanra jù ló mú. Ó ní baálé wọn nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Aláyẹ̀wò tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kò dún. "Màmá, abo lẹ gbé wá. Abo wọn ló ń tóbi. Akọ ló máa ń ké béèyàn bá dì í mú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tilé wa," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ọkọ mi ló máa ń ké."

Lọ́jọ́ kejì a gbé kékeré kan lọ, ó ké gan-an. Àmọ́ bí mo ṣe rí abẹ́rẹ́, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

"Ṣé kò ní kú?"

"Òmíràn máa ń kú. Èyí tó bá yè á sinmi, a ó sì tún lò ó."

Mo fẹ́ ọmọ bí ẹni máa kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kò bá mi wá ọmọ. Mo ní kí aláyẹ̀wò dá ọwọ́ dúró.

"Ìyàwó mi, ṣebí à ń pa adìẹ ìkómọ?"

"Màmá, adìẹ là ń jẹ. Èyí kò ṣẹ̀ wá, a ò sì ní jẹ ẹ́."

Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ síwájú abọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹ bá wa ṣe ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Tẹ́ ẹ bá ti jíṣẹ́, ilé lẹ̀ ń lọ." Aláyẹ̀wò fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà gbà, ó sì gún un.

Lọ́sàn-án, aláyẹ̀wò kán ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ sábẹ́ awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n wá fojú sí i. Àtọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n rí tíntìntín, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Mo lóyún! Ìyá ọkọ mi bẹ́ sí ijó, ìdí rẹ̀ gbá tábìlì, abọ́ dà nù, ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ síta. Aláyẹ̀wò gbá tẹ̀ lé e, ìyá ọkọ mi sì na ìborùn dí i lọ́nà. "Mo ti ṣèlérí fún wọn!" Ọ̀pọ̀lọ́ kì í dédé sáré lọ́sàn-án o, tọjọ́ yẹn sáré wọnú koríko.

Ọmọbìnrin mi ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mo ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn òjò, tó fẹ́ da iyọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ lára báwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Mo gba iyọ̀ náà.

"Kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ti mọ̀ pé ò ń bọ̀ kí bàbá rẹ tó mọ̀."

Ó wò mí, ó wo ọ̀pọ̀lọ́. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."