Púúji fún Gúrúpù Ìyá Mi

Ẹ̀rọ tó ń fún ìyá mi ní iná kò nítìjú rárá. Ọjọ́ tí a kò bá fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ kàn fọwọ́ kàn án, ariwo ti sọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí kúráǹ, iná ìjọba, lọ, kí ẹja sì kún firísà, á dákẹ́ bí àna tí wọn kò fún ní ẹran. Gúrúpù là ń pè é nílé wa ní Agbonou, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará Atakpamé ti ń pè é. Gaasuwali, epo dísù, ló ń mu.

Ẹja dídì ni ìyá mi ń tà létí títì, ẹja inú adágún omi Nangbéto. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lomé kò fẹ́ òwò náà mọ́. Ẹja ti jẹrà mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ rí, tí àdúgbò ń fi aṣọ bo imú kọjá níwájú ilé wa. Látìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ gbangba pé, bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ìyá mi palẹ̀ ẹrù mọ́, kó wá jókòó sílé òun ní Lomé, kó máa wo tẹlifísọ̀n. Ìyá mi kórìíra tẹlifísọ̀n. Ó ní àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í dáhùn bí òun bá bú wọn.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, gúrúpù ló ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, àfi bó ṣe kú lọ́sàn-án gangan. Gaasuwali ló tán. Ìyá mi gbà pé bí èèyàn kò bá yọjú wo inú táǹkì, ohun tó wà níbẹ̀ kò ní dínkù. A ra òmíràn, a dà á sí i, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ yí, ó yí, ó yí, kò jí. Èéfín kankan kò jáde.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀rọ tí èmi mọ̀, bí kò bá rán, òwú ló já tàbí abẹ́rẹ́ ló kán. Mo wo bátìrì: kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣebí ẹ̀rọ ń yí. Mo wo ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́: kò dí. Nígbà tí ìmọ̀ mi tán, mo ta á nípàá, ẹsẹ̀ mi ló sì dùn mí. Ìyá mi jókòó ti firísà lórí àpótí. "Má ṣí i o!" ló ń pariwo mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ n kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Màmá, wọ́n ní kò sí kúráǹ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹja yẹn bá bàjẹ́, mo ń gbé ọkọ̀ bọ̀ lọ́la."

Ìyá mi pa fóònù. Ó ní, "Tútù là á ká ẹja. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbẹ. Bí mo bá ní kí n ká a báyìí, á kán."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Inú mi bàjẹ́. Obìnrin tó ti ń dá bọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ẹ̀rọ aláìnítìjú yìí ló fẹ́ lé e kúrò nílé rẹ̀.

Mo pe mẹkanísíẹ̀ tó ń bá wa tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ọjà ló ná lọ sí Moretan, ohùn rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́.

"Ṣé gaasuwali tán nínú rẹ̀ pátápátá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Afẹ́fẹ́ ti kó sí i nínú. Púúji ni kí ẹ ṣe fún un. Ẹ mú…"

Ó já.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti fóònù, ọ̀tọ̀ ni. Nílé wa, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni púúji ní: rọ́bà rìbìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tí wọ́n ń fi àgbo kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tì bọ ìdí ọmọ tí inú rẹ̀ wú. Ìyá mi dìde, ó wọ yàrá, ó mú tirẹ̀ jáde, èyí pupa tó fi bá mi jagun ní kékeré. Ìdí mi dá a mọ̀ kí ojú mi tó rí i.

"Màmá, ẹ̀rọ ni o!"

"Ṣé mẹkanísíẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́? Afẹ́fẹ́ wà níkùn rẹ̀, kò lè jẹun. Bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ibo ni ìdí rẹ̀ wà?"

Ó kọjú sí páìpù èéfín. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibi tí a ti ń fa rọ́bà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni mẹkanísíẹ̀ ti pè padà. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Áò, Màmá! Kì í ṣe ìdí! Ẹ tú bólútù kékeré orí fílítà, kí afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá ku gaasuwali nìkan, tí kò hó mọ́, ẹ dè é padà."

Mo tú u. Ohunkóhun kò jáde. Táǹkì wà nísàlẹ̀, fílítà wà lókè, gaasuwali kò sì múra àtigun òkè. Ìyá mi tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Yọ páìpù tó wọ fílítà yẹn."

Mo yọ ọ́. Ó fa gaasuwali kún inú rọ́bà, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò fílítà, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ti tọ́ ọmọ púpọ̀. Lẹ́nu bólútù, a gbọ́ púrú, púrú, púrú.

"Ó ń só!" ni ìyá mi kígbe, tí àwọn tó ń kọjá lórí títì fi yíjú wò wá. "Jẹ́ kó só! Jẹ́ kó só tán!"

Ó tún fa òmíràn, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí híhó fi dáwọ́ dúró, tí gaasuwali ń ṣàn gbere. Mo dá páìpù padà, mo de bólútù, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó tún wúkọ́, ó wá bú jáde. Firísà gbọ̀n rìrì. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Fóònù dún. Gaasuwali kún ọwọ́ ìyá mi, nítorí náà èmi ni mo gbé e sí i létí, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń pariwo:

"Màmá! Kí ló ń dún gbùrùgbùrù bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni," ni ìyá mi wí. "Èmi ni mò ń dún. Mi ò bọ̀ ní Lomé."