Kránkì Tí A Fi Okùn Gbé Kọ́

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá sì gbà pé gbogbo nǹkan ló máa dára. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lẹ́rù ni etí ọkọ mi.

Mẹkáníìkì ni, ní Agége. Ariwo iṣẹ́ ti ń ba etí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ gbà. Bí mo bá pè é láti ilé ìdáná tí kò dáhùn, á ní òun ń ronú ni. Ìrònú wo ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀!

Oníbàárà kan ní GRA wá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mọ́tò òun lágbára sí i. Ọkọ mi ní kránkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ni òun máa pààrọ̀ sí èyí tí apá rẹ̀ gùn, kí písítìn tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì lè máa rìn jìnnà. Ó ti rí písítìn tó bá a mu. Òṣùwọ̀n oníwúrà ló fi wọ̀n wọ́n títí wọ́n fi dọ́gba. Ó ku kránkì. Bó bá ti sán níbì kan, ẹ́ńjìnnì máa fọ́ nínú eré àsápajúdé kan péré, orúkọ ọkọ mi á sì bàjẹ́.

Ní Sátidé, mo bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò tòkunbọ̀. Ó fi okùn gbé kránkì kan kọ́, ó fi sípánà gbá a, ó gbé etí tì í. Èyí tó dára máa ń dún pẹ́ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Eléyìí dún kọ̀, ó dákẹ́.

“Ó dára,” ni ọkọ mi wí. “Ẹ bá mi dì í.”

Kò gbọ́ pé kò dún pẹ́. Àwọn tó yí wa ká, Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é. Mi ò fẹ́ dójú tì í. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbá òmíràn wò.”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbá ìkejì: ó dún, ó dún, ó ń dún lọ. Mo tẹ ọwọ́ ọkọ mi. Ó wo ojú mi títí.

“Màdáámù ti mú tiẹ̀ o,” ló wí fún ẹni tó ń tà á. “Èyí tó mú la máa gbé.”

Nínú mọ́tò, nígbà tí a kọjá Oko Ọba, ó bi mí pé:

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ó ti pẹ́.”

“O ò wá sọ fún mi.”

“Mo sọ ọ́ láti ilé ìdáná,” ni mo wí, “ẹ ò gbọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà sì sunkún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì náà, gbogbo ènìyàn ló tẹjú mọ́ ọn. Ọkọ mi kò gbé etí tì í. Ojú mi ló ń wò.