Etí Tí Orville Fi Sílẹ̀

Kọ́ọ̀! Ìró tí Lorene Haskett kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, ṣáájú agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ṣáájú ariwo ẹ̀rọ tí ń kórè àgbàdo. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Orville, baba rẹ̀, kò fẹ́ràn èrò, nítorí náà á lọ gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sẹ́yìn ọgbà pápá bésíbọ́ọ̀lù ìlú Prairie Fork, á yí gíláàsì wálẹ̀. Lorene kò ga tó ẹni tí ń rí ìta. Ìró ìgbà tí igi pàdé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbọ́. Bí ìró náà bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀, Orville á ní, "Èyí á padà sóko bàbá ẹ̀." Ṣùgbọ́n bó bá dún kọ́ọ̀, bí igi gbígbẹ tó dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ṣíwọ́ ohun tó ń jẹ. "O gbọ́ yẹn? Onítọ̀hún ń lọ sókè."

Òkè ni ìlú ńláńlá tí àwọn àgbà ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lójú gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ Olùkórè ti Prairie Fork wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní fojú kan òkè títí ayé. Bóyá ohun tó mú Lorene fẹ́ràn wọn nìyẹn. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta báyìí, ó ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, ó sì ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tuntun sí. Pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn kan, á wá fi bírò tẹ orúkọ onítọ̀hún mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, ó dijú lórí àga rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Pẹ̀tẹ̀. Pẹ̀tẹ̀. Kọ́ọ̀! Ó lajú. Yunior Peguero ni, ọmọ Dominika, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti ń lo ọdún kẹta lọ nísàlẹ̀ yìí.

"Merle, ọmọ yẹn á gòkè kí sáà yìí tó parí."

Gúgúrú fẹ́rẹ̀ẹ́ há Merle Tofte lọ́fun. Wọ́n jọ lọ iléèwé ni, wọ́n sì ti ń jókòó pọ̀ ní pápá láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kì í wá sí pápá láìmú bébà tí wọ́n tẹ iye ìgbà tí oníkálukú gbá bọ́ọ̀lù sí dání.

"Peguero? Èyí tí bọ́ọ̀lù ń rí tó ń sá fún? Wo ìwé! Nínú mẹ́wàá, méjì ló ń bá. Lorene, etí kì í tóbi ju orí lọ o."

"Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba."

"Kó tó pè é, baba á ti kú! Ó dáa, jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́. Bí kò bá lọ, wàá dìde lórí àga Orville fún mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ ibi tó máa nà sí."

"Bó bá lọ ńkọ́?"

"Màá gun orí àga, màá ké fáráyé pé etí rẹ sàn ju ojú mi lọ."

"Mo gbà."

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó ronú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àga yẹn wà. Nígbà tí ogbó sọ Orville di ẹni tí ń gba èrò mọ́ra, ibẹ̀ ló jókòó sí títí ó fi kú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti họ ọ̀dà ara igi ìgbápálé rẹ̀ dànù.

Peguero kò bá nǹkan kan ní oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ kan ó yà síbi ọgbà, ó ṣí fìlà. "Màmá Lorene, wọ́n sọ fún mi o. Ẹ má torí mi pàdánù àga yín."

"Ta ló bi ọ́? Ìwọ ṣáà gbá a bí mo ṣe gbọ́ ọ."

Ní oṣù keje ìró náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú eré gan-an. Merle yẹ bébà rẹ̀ wò, ó ká a, ó jókòó lé e. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Peguero, títí ó fi ku ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn sáà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, eré dé ìdajì. Peguero dúró láàárín pápá, kò ṣe àṣìṣe kankan. Lójijì olùkọ́ni rán ẹlòmíràn wọlé, ó sì juwọ́ sí i pé kó jáde.

"Ó tán," ni Merle wí, ó ń gbá gúgúrú kúrò lára ṣòkòtò. "Wọ́n lé e. Dìde, ọmọ Orville, jẹ́ kí n nasẹ̀."

Lorene gbé àtàǹpàkò lé ibi tí ọ̀dà ti họ. Kò dìde. Peguero dé ibùjókòó ẹgbẹ́, olùkọ́ni sọ gbólóhùn kan sí i létí. Ọmọ náà bo ojú. Ni ẹnì kan bá dì mọ́ ọn. Ẹlòmíràn dì mọ́ ọn. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn gbì gbì gbì.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìdìmọ́ra báyìí ń sọ: òkè ti ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n bá yọ lójú eré báyìí. Gbogbo pápá dìde pẹ̀lú ariwo.

"Ó ń lọ!" Lorene ti ń fò sókè. "Merle, ó ń lọ!"

"Àtẹ̀gùn kan péré ni."

"Ṣé mo ní méjì ni? Gun àga!"

Merle gùn ún. "Ẹ̀yin èèyàn! Etí obìnrin yìí sàn ju ojú mi lọ!"

"A ti mọ̀ tipẹ́!" ni ẹnì kan ké láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ.

Peguero bojú wẹ̀yìn, ó wá a rí, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀. Lorene sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ bírò láti inú báàgì.

Nígbà tó délé, àgbàdo tó bó dé ìdajì kó tó jáde ṣì wà nínú agbada. Ó fa àga sẹ́bàá fèrèsé, oòrùn kò tíì wọ̀. Ó ń bó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa irùkẹ̀rẹ̀ wọn tu pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, títí ó fi kan èyí tó kẹ́yìn. Ó bó o, ó kó gbogbo wọn sínú ìkòkò, ó sì dáná sí i.