Ẹni Tí Mẹ̀tírì Kò Kéde

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Ọláìtán ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò Djègan-Kpèvi ní Porto-Novo, Mẹ̀tírì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí olùkọ́ ni, èdè Faransé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìfẹ̀yìntì wo gan-an? Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ sí ilé rédíò kékeré kan ní Houinmè, láti ka ìkéde ní Nàgó, Yorùbá tiwa níbí: ẹni tó kú, ẹni tó sọnù, ewúrẹ́ tó já okùn, ìpàdé ẹgbẹ́. Tó bá kà á tán, wọ́n á fi orin díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà á wá ka ìtàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ohùn kan náà ló fi ń ka méjèèjì.

Ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlẹ́wà ni, tó kúrò ní Porto-Novo lọ wá iṣẹ́ sí Libreville, ìlú kan lókèèrè. Háà, àwọn ènìyàn fẹ́ràn Ọlẹ́wà! Bí Mẹ̀tírì bá dé ọjà Ouando, wọn kì í béèrè àlàáfíà tirẹ̀ mọ́. "Mẹ̀tírì, Ọlẹ́wà ńkọ́? Ṣé ibà yẹn ti lọ?" Nígbà tí ìyàwó Ọlẹ́wà bímọ nínú ìtàn, Ganiatou tó ń ta aṣọ fa aṣọ ọmọ tuntun lé bàbá lọ́wọ́, ó ní kó bá òun fi ránṣẹ́. Mẹ̀tírì ṣàlàyé títí pé inú orí òun ni Ọlẹ́wà ń gbé. Ganiatou rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ṣáà bá mi fi ránṣẹ́." Bàbá gbé aṣọ náà lọ sílé. Kí ni ì bá ṣe?

Tọjà ṣì kéré. Tilé ló rẹ̀ ẹ́ jù. Òun àti Pélagie ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo, Hilaire, òun náà sì lọ sí Libreville. Ó ń pè wọ́n níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá kò lè jẹun, ó ń gbẹ lọ lójú ọkọ. Nítorí ìyàwó rẹ̀ ni Mẹ̀tírì ṣe dá Ọlẹ́wà. Ó fún un ní ẹ̀rín Hilaire, ó fún un ní ìrìn Hilaire, ó jẹ́ kó máa bu iyọ̀ sí kókó, ẹ̀kọ mímu àárọ̀, bíi ti Hilaire. Ọjọ́ tí Pélagie kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dìde, ó jẹ ẹ̀kọ àti ẹja. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń jẹun. Ẹ sọ fún mi, ọkọ wo ló máa dá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró?

Ṣùgbọ́n ẹrù ni ìtàn tí kò gbọdọ̀ parí. Nígbà tí Ọlẹ́wà ríṣẹ́ ní èbúté, Pélagie dìde láàárín ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́, ọmọ òun ti ríṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìjọ ti gbà pé Ọlẹ́wà ni orúkọ tí wọ́n ń pe Hilaire nílé. Célestin, alàgbà ìjọ, bọ Mẹ̀tírì lọ́wọ́: "A bá yín yọ̀!" Mẹ̀tírì ń lọ sílé, ó ń ronú pé kí iṣẹ́ èbúté yìí má lọ wúwo jù fún ẹ̀yìn Hilaire. Àfi bó ṣe dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ wo? Èbúté wo? "Arúgbó yìí, o ti ń ya wèrè," ló wí fún ara rẹ̀. Ó pinnu pé òun máa parí ìtàn náà.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ pé Ọlẹ́wà wọ ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ náà sì rì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tó ń kọ orin bàjẹ́. Ìkéde òkú pọ̀. Bó ṣe ka ti ìkẹyìn tán ló bọ́ sínú ìtàn láìsí orin láàárín, àwọn tó ń gbọ́ sì rò pé ìkéde òkú ló ń kà lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tó máa fi délé, bẹ́ǹṣì ti kún ojúde. Ganiatou ń sunkún. Célestin di ìwé orin mú. "Mẹ̀tírì, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Inú bí bàbá. "Irú kí ni? Ọlẹ́wà ló kú! Èmi ni mo dá a, èmi náà ni mo pa á! Ẹ máa lọ sílé yín!"

Célestin yíjú sí àwọn yòókù, ó ní kí wọ́n má dá a lóhùn, ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ó wọlé. Pélagie jókòó sórí ẹní, ó ti ró aṣọ dúdú.

"Ìyá Hilaire, ìtàn ni. Ìtàn lásán ni."

"Mo mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Lẹ́yìn èmi àti ẹ̀yin, ta ló mọ̀ pé ọmọ wa ń bu iyọ̀ sí kókó?"

"O mọ̀? Ọpẹ́ tí o lọ dá ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹnu mi mọ bó ṣe ń rí láti dúpẹ́ ọmọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Hilaire. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ bóyá ó wà láàyè?"

Mẹ̀tírì ṣí fìlà. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ ti kéde ọmọ gbogbo ìlú tó sọnù. Ewúrẹ́ Sikirou aládùúgbò wa sọnù, ẹ kéde rẹ̀ títí wọ́n fi rí i. Ṣé ẹ kéde Hilaire rí?"

Òótọ́ ni. Kò kéde rẹ̀ rí. Ojú ló ń tì í, kí wọ́n má baà sọ pé Mẹ̀tírì tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tirẹ̀ ti gbàgbé ilé. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní, ó sunkún bí ọmọdé. Pélagie fúnra rẹ̀ ló jáde lọ bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa lọ, òkú kò tíì sí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún pé, Mẹ̀tírì kò mú ìtàn dání. Ó ka ti òkú, ó ka ti ìpàdé, ó wá ti ọwọ́ bọ àpò láti fa ìwé kan yọ. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ rò pé ìkéde ti tán, ó fi orin tó máa ń ṣáájú ìtàn sí i. Bàbá kò lágbára láti bá a jà. Ó dúró kí orin tán.

"Hilaire, ọmọ Ọláìtán àti Pélagie ti Djègan-Kpèvi, lọ sí Libreville, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ga, ó pupa, ó máa ń bu iyọ̀ sí kókó. Ẹni tó bá rí i, kó bá wa sọ fún un pé a kò bínú. Kó jọ̀ọ́ pe ìyá rẹ̀." Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn.

Onízémì tó gbé e sórí alùpùpù níta kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ ibi tó ń lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ohùn yìí! Mẹ̀tírì ni! Bàbá, ìtàn tuntun yìí mà dùn o, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa eléyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé Hilaire máa pe ìyá rẹ̀?"

Mẹ̀tírì di èjìká rẹ̀ mú.

"Èmi náà ò mọ̀, ọmọ mi," ló wí. "Máa gbé mi lọ sílé."