Lẹ́tà Pupa Lẹ́yìn Fọ́tò Mọ́mì

Òórùn íǹkì gbígbóná ní ọ́fíìsì mi ní Marina máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán Jímọ̀ kan, aago méjì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Èmi àti Dádì ń tẹ “Ẹ KÁÀBỌ̀ MỌ́MÌ” lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé, lẹ́tà kan lórí bébà kan.

“Dádì, ẹ jẹ́ kó pupa dáadáa! Mọ́mì ò fẹ́ràn àwọ̀ tó ṣá.”

“Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi.”

Àbúrò Dádì ti ọsibítù tí Mọ́mì wà dé, ó sì jókòó sórí bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà. “Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Dádì yí àwọn bébà náà padà, ó tẹ fọ́tò Mọ́mì sí ẹ̀yìn wọn. Mo rò pé ó fẹ́ kí ìkíni wa túbọ̀ lẹ́wà ni. Ìkéde òkú ni. Ó so ọ̀kan mọ́ irin géètì. Oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì rí lẹ́tà K pupa níwájú orí Mọ́mì.